Ta Ló Wà Lẹ́yìn Ògiri? Ọdún Mọ́kànlélọ́gbọ̀n Mi Nídìí Ẹ́síréè Ológun

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi níhìn-ín ní Ẹdẹ, tí ẹ ń bi mí pé irú iṣẹ́ wo gan-an ni mo ṣe nínú ológun. Bí mo bá ti sọ pé n kò yìnbọn rí àfi níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ojú yín á fà ro. Ẹ rò pé gbogbo ológun ló ń lé ọ̀tá kiri inú igbó. Èmi, àwòrán egungun àti ẹ̀dọ̀fóró àwọn tó ń yìnbọn ni mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n yà. Iṣẹ́ ẹ́síréè ni mo ṣe. Ohun kan sì wà tí mo ti ń wádìí láti ìgbà ọ̀dọ́ mi, tí mo ṣì ń wádìí di òní: ìtànṣán tó ń ti inú ẹ̀rọ yẹn jáde, báwo ló ṣe pọ̀ tó nínú ara àwa tí à ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́?

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí ẹ mọ irú èèyàn tí mo jẹ́. Mùfútáù ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n nínú agbo ilé wa, Ọlọ́fìn-íntótó ni wọ́n ń pè mí. Bàbá mi ra rédíò lọ́jọ́ kan, kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti tú u palẹ̀ láti wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ìyá mi máa ń sọ pé bí ikú bá dé sọ́dọ̀ mi, màá kọ́kọ́ bi í léèrè ọ̀nà tó gbà wọlé. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pa ẹnu mi mọ́ níbi tó yẹ kí n ti béèrè ọ̀rọ̀, ohun tí mo sì wá sọ fún yín nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe gbà mí sí ológun kò gba àlàyé. A tò, wọ́n yẹ̀ wá wò, wọ́n mú mi, owó oṣù náà sì tó jẹun. Wọ́n ní kí àwọn tó mọ ìwé díẹ̀ bọ́ sápá kan, wọ́n pín wa fún ilé ìwòsàn ológun, èmi sì bá ara mi ní bárékè kan ní Òkè Ọya, tó jẹ́ ìrìn ọjọ́ méjì gbáko sí Ẹdẹ nígbà náà.

Obìnrin ni ọ̀gá tí wọ́n fi mí sọ́dọ̀ rẹ̀, Sájẹ́ńtì Adétóún. Wọn kò ga, wọn kò sanra, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń bọ̀ lójú ọ̀nà, ọkùnrin tó ga bí òpó iná á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún wọn. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ọmọ Ẹdẹ ni mí, mà."

"Ẹdẹ. Èmi, Awo ni mo ti wá."

Inú mi dùn. Láti Ẹdẹ sí Awo, èèyàn kò tíì jókòó dáadáa sínú ọkọ̀ tí yóò fi sọ̀ kalẹ̀. Mo ti rìnrìn ọjọ́ méjì kí n tó bá ará àdúgbò mi pàdé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín.

"Gbé eyín ẹ mọ́lé, ará Ẹdẹ," ni wọ́n wí. "Tìtorí pé a jọ jẹ́ ará ibì kan, ìlọ́po méjì ìyà ni wàá jẹ lọ́wọ́ mi, kí àwọn èèyàn má baà ní mò ń ṣe ojúsàájú."

Wọn kò sì parọ́. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo lò nínú yàrá òkùnkùn níbi tí a ti ń fọ fíìmù kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Oògùn tí a fi ń fọ fíìmù yẹn ń ta sí èèyàn nímú, ó sì pa èékánná mi láró, ó rí bí ẹni tó ń bó iṣu èsúrú. Bí fíìmù bá jáde pẹ̀lú ojú ìka mi lára rẹ̀, ọ̀gá mi á gbé e sókè síwájú iná, wọn á ní kí n fi ìka mi wé e, kí n jẹ́wọ́ níwájú gbogbo èèyàn pé tèmi ni.

Wọ́n kọ́ mi ní ohun tí ìtànṣán jẹ́. Wọ́n ní kò ní òórùn, kò gbóná, kò sì dun ni. Ó ń gba inú ẹran ara kọjá lọ bí ìgbà tí iná ń gba inú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kọjá. Ẹni tí a ń ya àwòrán rẹ̀, bíńtín ló ń gbà, ó sì ń lọ sílé. Àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ náà láràárọ̀ ni bíńtín yẹn lè máa kó jọ sí lára, kó wá ba ojú jẹ́, tàbí ẹ̀jẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, wọ́n ní òfin kan. Ògiri gbọọrọ kan wà nínú yàrá náà, ó nípọn, gíláàsì kan sì wà láàárín rẹ̀ tí ẹni tó ń tẹ ẹ̀rọ á máa gbà wo aláìsàn. Ẹ̀yìn ògiri yẹn ni gbogbo wa gbọ́dọ̀ wà. Kí ọ̀gá mi tó tẹ ẹ̀rọ, wọn á pariwo pé, "Ta ló wà lẹ́yìn ògiri?" Àwa ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta á dáhùn orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí orúkọ kan bá dín, wọn kò ní tẹ̀ ẹ́, ì báà jẹ́ ọ̀gágun pátápátá ló nà sórí tábìlì. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ológun kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán wà níbẹ̀, ó ń kérora. Wọ́n bi wá, èmi àti ẹnì kan dáhùn, ẹnì kẹta ti ki búrẹ́dì bọnu, kò lè sọ̀rọ̀.

"Sájẹ́ńtì, kí ni gbogbo orúkọ pípè yìí?" ni ọ̀gá ológun náà wí.

"Ẹ má bínú, sà," ni ọ̀gá mi dáhùn. "Ọmọ mi kan ń jẹun lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kó gbé e mì."

Ọ̀gá ológun náà sì dúró títí búrẹ́dì fi lọ.

Ẹ̀wù kan tún wà tí a fi òjé ṣe, tó wúwo bí ẹni gbé ọmọ ọdún mẹ́ta pọ̀n síwájú. Ìkọ́ la máa ń kọ́ ọ. Àmọ́ ẹ ṣáà mọ ológun, ohun gbogbo ni wọ́n kọ́ wa láti ká ní igun mẹ́rin, kí a sì tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ dé, mo ká ẹ̀wù òjé náà dáadáa bí bùláńkẹ́ẹ̀tì, mo ń retí ìyìn. Ọ̀gá mi gbé e wọ̀ mí lọ́rùn, mo sì wọ̀ ọ́ láti àárọ̀ títí di ìgbà tí iṣẹ́ parí. Mo fi jẹun, mo fi gbálẹ̀. Wọ́n ní bí a bá ń ká a, òjé inú rẹ̀ á máa sán, ìtànṣán á sì máa gba ojú sísán yẹn wọlé. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí ẹ̀wù tí wọ́n ká sílẹ̀, kódà ti ìyàwó mi, ọwọ́ mi á fẹ́ lọ gbé e kọ́.

Nísinsìnyí, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ báàjì. Àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ ẹ́síréè máa ń gba báàjì kékeré kan tí a ń fi há àyà. Fíìmù wà nínú rẹ̀ tí wọ́n dì pa. Ìtànṣán tó bá kàn ọ́, á kan òun náà. Ní gbogbo oṣù mẹ́ta, wọn á kó àwọn báàjì náà ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń kà á, wọn á sì fi lẹ́tà sọ iye tó wọ ara ẹnì kọ̀ọ̀kan. Báàjì yẹn ni ẹlẹ́rìí rẹ, kò sí ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ìjọba wà lára rẹ̀. Ní ti ológun, ohun tó bá ti ní nọ́ńbà, tí ó sì sọnù lọ́wọ́ rẹ, o ti dáràn. Kí n tó dé, ọmọ iṣẹ́ ọ̀gá mi kan sọ tirẹ̀ nù níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n sì tì í mọ́lé fún ọjọ́ mélòó kan. Ọ̀gá mi kò gbàgbé. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kó gbogbo báàjì wa, títí kan tiwọn, sínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin kan, tí wọ́n ń tì í, tí wọ́n sì ń fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ há ọrùn. Ọjọ́ tí àwọn ọ̀gá bá ń bọ̀ wá yẹ iṣẹ́ wò la máa ń rí wọn. A ó nu ìdè wọn títí á fi máa dán, a ó há wọn sáyà, àwọn ọ̀gá á wò wá, wọn á ní a mọ́ tónítóní. Bí wọ́n bá lọ tán, báàjì á padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Lẹ́tà tó ń dé kò yí padà: òdo fún èmi, òdo fún wọn, òdo fún gbogbo wa. Wọ́n tilẹ̀ kọ ìwé ìyìn sí wa nítorí òdo yẹn.

Èmi Ọlọ́fìn-íntótó kò lè sùn sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo béèrè.

"Mà, bó bá jẹ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ni báàjì mi ń gbé, ta ló ń sọ fún un pé mo wà nídìí ẹ̀rọ?"

Ọ̀gá mi wò mí, ojú wọn kò le, ẹ̀rù ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ nígbà náà pé ẹ̀rù ni.

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n tì ọ́ mọ́lé ni?"

"Rárá, mà."

"Ó dáa. Lọ nu gbogbo idẹ tó wà lára ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn yìí."

Ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn náà pọ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi nu idẹ, apá mi wú. N kò tún béèrè mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo pa ẹnu mọ́ nìyẹn.

Ìgbà kejì ni ti gíláàsì. Ìjì kan jà, pákó já bọ́ láti òkè àjà, ó fọ́ gíláàsì àárín ògiri. Gíláàsì àtijọ́ náà nípọn, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí tíì tí wọn kò fi ewé púpọ̀ sí. Èmi àti ẹnì kejì mi la gbé àfọ́kù rẹ̀ jùnù, ó sì wúwo gan-an ju bó ṣe tóbi lọ. Ìbẹ̀wò àwọn ọ̀gá ti sún mọ́lé, kò sí àyè láti dúró. Àwọn ológun tó ń ṣe iṣẹ́ ilé wá, wọ́n wọn ojúhò náà, wọ́n sì fi gíláàsì tuntun sí i. Háà, ó mọ́! Èèyàn lè rí irun imú aláìsàn láti ẹ̀yìn ògiri. Ọ̀gá mi yọ̀, wọ́n ní ojú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá là. Àwọn ọ̀gá tó wá yẹ̀ wá wò bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ nítorí ẹ̀.

Mo dúró síbẹ̀, mo ń rò ó pé kí ló mú kí èyí àkọ́kọ́ wúwo tó bẹ́ẹ̀, kí ló sì mú un pọ́n. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi. Mo bojú wo idẹ ara ilẹ̀kùn, mo gbé ọ̀rọ̀ mi mì.

Ọdún méje kọjá.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, àwọn ọmọ ogun tuntun la ń ya àwòrán àyà wọn, wọ́n tò lọ bẹẹrẹ. Àyà la ní kí wọ́n fi ti pátákó kan, kí wọ́n mí sínú, a tẹ ẹ̀rọ, wọ́n bọ́ sẹ́yìn. Bí a bá tẹ ẹ̀rọ náà, ó yẹ kó dá iṣẹ́ dúró fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá. Iná pupa kékeré kan sì máa ń tàn bó bá ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n gílóòbù rẹ̀ ti jó, a ti ń retí òmíràn fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tó kẹ́yìn lórí ìlà wọlé, ọ̀gá mi béèrè ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri, a dáhùn, wọ́n tẹ ẹ̀rọ, ọmọ náà sì sá jáde. Iṣẹ́ ti parí. Ọ̀gá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń kọ orúkọ sínú ìwé. Èmi mú àkísà, mo wọlé láti nu òógùn tí àwọn ọmọ náà fi sára pátákó, àyà mi sì dojú kọ ibi tí àyà tiwọn ti wà.

Mo ní orin tí mo máa ń kọ bí mo bá ń nu ún. Èmi ni mo ṣe é:

Òógùn ọmọ ogun, kúrò lára pátákó,
Ẹni tó ni ọ́ ti lọ, kí lò ń dúró ṣe?

Mo ti kọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan, mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì.

"Mùfútáù, jáde!"

Ọ̀gá mi kò pe orúkọ mi bẹ́ẹ̀ rí láàárín iṣẹ́, ará Ẹdẹ ni wọ́n ń pè mí. Mo rò pé ejò ni. Kí n tó yíjú, wọ́n ti fi àtẹ́lẹwọ́ gbá súìṣì ńlá ara ògiri, gbogbo yàrá ṣókùnkùn, mo sì gbọ́ òórùn òróró ẹ̀rọ tó ti gbóná. Wọ́n ti gbójú sókè láti inú ìwé, wọ́n sì rí i pé abẹ́rẹ́ inú mítà kò tíì padà sílẹ̀. Irin kékeré méjì nínú ẹ̀rọ, tó yẹ kó ya ara wọn, ti lẹ̀ pọ̀. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ni ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́ lọ, tí ó ń yà mí láwòrán tí kò sí fíìmù níbẹ̀.

Dókítà tó jẹ́ olórí ilé ìwòsàn sáré dé. Ìbéèrè kan ló kọ́kọ́ bi mí.

"Báàjì rẹ dà?"

Mo wo ọ̀gá mi. Wọ́n fa kọ́kọ́rọ́ yọ lọ́rùn.

"Inú kọ́bọ́ọ̀dù ló wà, sà. Èmi ni mo tì í mọ́bẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi tirẹ̀."

Dókítà mí kanlẹ̀. "Bó bá rí bẹ́ẹ̀, a ò ní mọ iye tó wọ̀ ọ́ lára láéláé."

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀rọ̀ yẹn bà mí nínú jẹ́ ju ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ. Pé kí nǹkan wọ inú ara mi, kí n má sì mọ bó ṣe pọ̀ tó! Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n gba ti ọmọ ogun tó kẹ́yìn náà, wọn kò rí nǹkan kan lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi, láràárọ̀ ni mò ń dúró síwájú dígí tí mò ń fọwọ́ pa àyà mi bóyá màá rí àmì kan.

Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀gá mi ránṣẹ́ pè mí. Ojú wọn ti wọnú. Dókítà wà lọ́dọ̀ wọn.

"Ará Ẹdẹ, orin tí o ń kọ lọ́jọ́ yẹn, ibo lo dé nínú rẹ̀ nígbà tí mo pè ọ́?"

"Mà?"

"Orin òógùn. Ibo lo dé?"

Mo ronú. "Ẹlẹ́ẹ̀kejì, mà. Ibi 'ẹni tó ni ọ́ ti lọ'."

"Kọ ọ́ bí o ṣe kọ ọ́."

Mo na dúró gbọnrangandan níwájú dókítà ológun, mo ń kọrin òógùn, òun sì ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ń jẹ ètè kí ẹ̀rín má baà pa á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní kí n kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Bí wọ́n ṣe mọ iye ìgbà tí mo fi wà níwájú ẹ̀rọ nìyẹn.

Lẹ́yìn tí wọ́n tún ẹ̀rọ náà ṣe, ọ̀gá mi ní kí a pọn omi sínú kẹ́ẹ̀gì méjì, kí a gbé wọn lé ara wọn sórí àpótí níbi tí mo dúró sí. Wọ́n ní omi ló pọ̀ jù nínú ara èèyàn, nítorí náà ìtànṣán á ṣe sí kẹ́ẹ̀gì bó ṣe ṣe sí mi. Wọ́n wọ ẹ̀wù mi fún un, wọ́n fi igi gbé fìlà mi sí i lórí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń kí i pé 'sà' bí ọ̀gá. Wọ́n fi báàjì mi há a láyà, wọ́n fi ọ̀kan sí ibi ojú, wọ́n fi ọ̀kan sí ibi ọwọ́. Mẹ́rin la ní. Èyí tó kù jẹ́ ti ọ̀gá mi, wọ́n gbé e sílẹ̀ lórí tábìlì.

Ibí yìí ni òfìn-íntótó mi ti ta jí. Gbogbo òdo tí wọ́n ti kọ sí wa láti ọdún yìí wá, òdo inú kọ́bọ́ọ̀dù ni. Mo fẹ́ rí bí òdo ti ẹ̀yìn ògiri ṣe rí. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wò mí, mo mú báàjì ọ̀gá mi, mo fi kọ́ ìṣó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì, ní ìwọ̀n ojú wọn, níbi tí wọ́n máa ń dúró sí láti wo aláìsàn.

"Ta ló wà lẹ́yìn ògiri?"

A dáhùn. Wọ́n ń tẹ ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń jẹ́ kó sinmi kó má baà gbóná, títí gbogbo rẹ̀ fi gùn tó orin mi.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí lẹ́tà tó dé. Dókítà kà á létí gbogbo wa. Ti àyà, ti ojú, ti ọwọ́: ó ju ohun tó yẹ kí èèyàn gbà lẹ́ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n kò tó èyí tó lè dá mi dùbúlẹ̀. Ó ní kí n jìnnà sí ẹ̀rọ fún ọdún kan, kí wọ́n sì máa wo ẹ̀jẹ̀ mi. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ kọrin òógùn náà fún un lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ti mọ̀! Ọ̀gá mi fi ọwọ́ bo ojú, wọ́n ń dúpẹ́ lábẹ́lẹ̀.

Ni dókítà bá tún wo ìwé náà. "Báàjì kẹrin ńkọ́? Ta ló gbé e súnmọ́ ẹ̀rọ?"

"Kò súnmọ́ ẹ̀rọ, sà," ni mo wí. "Ẹ̀yìn ògiri ló wà."

"Kò lè jẹ́ ẹ̀yìn ògiri. Kì í ṣe òdo ni wọ́n kọ síbí."

"Ẹ̀gbẹ́ gíláàsì ni mo fi kọ́, sà. Ibi tí ọ̀gá mi máa ń dúró sí."

Dókítà dìde, ó lọ síbi gíláàsì náà, ó fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ kàn án. Ó dún fẹ́lẹ́.

"Ta ló fi gíláàsì fèrèsé síbí? Èyí tó yẹ kó wà níbí, wọ́n po òjé mọ́ ọn ni. Ó máa ń wúwo. Ó máa ń pọ́n díẹ̀."

Ọ̀gá mi rìn lọ síbẹ̀, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì náà bí ẹni tó ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná.

"Ọdún mélòó la ti fi èyí síbí?"

"Ọdún méje, mà."

Ọdún méje. Àwa mẹ́ta, wọn kì í jẹ́ kí a sún mọ́ gíláàsì, ibi tí ògiri ti nípọn ni wọ́n ń tì wá sí. Àwọn nìkan ló ń dúró síbẹ̀. Kò sì sí ìwé kan láyé tó lè sọ iye tó ti wọ ojú wọn, nítorí òdo ni gbogbo lẹ́tà ọdún méje náà pè é. Mo bú sẹ́kún. Ìtìjú ló pa mí.

"Mà, mo rí i pé èyí àtijọ́ wúwo. Mo fẹ́ béèrè nígbà náà."

"Kí ló dé tí o kò béèrè?"

Ojú mi lọ síbi idẹ ara ilẹ̀kùn. Wọ́n tẹ̀lé ojú mi, wọ́n rí ohun tí mo ń wò.

"Láti òní lọ," ni wọ́n wí, "máa béèrè."

Wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ ọrùn wọn, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Kọ́kọ́rọ́ náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi.

Wọ́n pààrọ̀ gíláàsì. Ọ̀gá mi fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n padà sí Awo. Èmi náà wá di ọ̀gá. Mo rí i nígbà tí fíìmù di ohun ìtàn, tí kọ̀ǹpútà gba ipò yàrá òkùnkùn, tí ẹnikẹ́ni kò ní èékánná aláró mọ́. Báàjì náà yí padà, ó kéré sí i, nígbà tó yá a tún rí irú èyí tó máa ń ké bí ẹyẹ bí ìtànṣán bá ti pọ̀. Mo pa òfin ọ̀gá mi mọ́, mo sì fi díẹ̀ kún un. Bí mo bá béèrè pé ta ló wà lẹ́yìn ògiri, orúkọ nìkan kò tó mọ́. Ẹni náà gbọ́dọ̀ sọ pé, "Ó wà láyà mi," ìyẹn báàjì. Kò sì sí ẹni tó nu idẹ lọ́dọ̀ mi nítorí ìbéèrè. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi béèrè títí wọ́n fi sú mi.

Lọ́dún yìí, Ràfíátù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, wá bá mi. Iṣẹ́ ẹ́síréè lòun náà ń kọ́ ní yunifásítì, wọ́n ti rán wọn lọ máa fi ọwọ́ ṣe é ní ilé ìwòsàn. Ìyá rẹ̀ ń bẹ̀rù, ó ní kó fi í sílẹ̀. Ràfíátù ní kí n sọ òtítọ́ fún òun. Mo ní òtítọ́ kò sí lọ́dọ̀ mi, Awo ló wà. A wọ kẹ̀kẹ́, a lọ.

Ọ̀gá mi ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Awọ funfun ti bo ojú wọn láti ìgbà tí ojú ẹgbẹ́ wọn ṣì mọ́lẹ̀ kedere. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọ̀kan, ó ń ríran díẹ̀, èkejì ti lọ. A dé ẹ̀yìn ògiri àgbàlá wọn, n kò tíì kan ilẹ̀kùn tí ohùn fi jáde láti inú.

"Ta ló wà lẹ́yìn ògiri?"

"Mùfútáù, mà."

"Ẹsẹ̀ èèyàn méjì ni mo gbọ́. Orúkọ kan ni mo gbọ́."

Mo fi ìgúnpá sún ọmọ náà. "Ràfíátù ni, mà," ló wí.

"Ẹ wọlé."

Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, ìran Ọlọ́fìn-íntótó lòun náà.

"Màmá, ṣé iṣẹ́ yẹn ló ba ojú yín jẹ́?"

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń bẹ̀ wọ́n wò, n kò bi wọ́n ní ìbéèrè yẹn rí.

"N kò mọ̀, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Àwọn dókítà ní ó lè jẹ́ òun, ó lè má jẹ́ òun. Ohun kan ṣoṣo tó lè sọ fún mi, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni mo tì í mọ́ kí ó má baà sọnù." Wọ́n na ọwọ́, wọ́n ń wá àyà rẹ̀. "Tìrẹ ńkọ́? Níbi iṣẹ́, ibo lò ń fi báàjì rẹ sí?"

Ràfíátù wo àyà ara rẹ̀.

"Ara kóòtù funfun mi ló máa ń wà, mà. Bí ooru bá mú, mo máa ń bọ́ kóòtù náà kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn."

"Tí o ń wọlé sídìí ẹ̀rọ?"

"Nígbà míì, mà."

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dùn. "Kóòtù rẹ ò ní í fọ́jú," ni wọ́n wí.

Wọn kò ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, wọn kò sì ní kó ṣe é. Nígbà tí a ń lọ, wọ́n ní kó tẹ nọ́ńbà òun sórí fóònù rẹ̀.

Ràfíátù kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. N kò mọ ohun tí àwọn méjèèjì jọ sọ lórí fóònù, títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí mo wà ní Awo láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí fóònù ọ̀gá mi dún. Wọ́n gbé e sétí, wọn kò kí ẹni náà, wọn kò béèrè àlàáfíà rẹ̀.

"Ta ló wà lẹ́yìn ògiri?"

Mo gbọ́ ohùn ọmọ náà kedere láti ibi tí mo jókòó sí, ariwo ilé ìwòsàn ń dún lẹ́yìn rẹ̀.

"Ràfíátù, mà. Ó wà láyà mi."